Ẹrẹ̀ Ni Mo Lọ Kọ́ Nílùú Òyìnbó

Ẹrẹ̀ ni mo lọ kọ́ nílùú òyìnbó. Nínú agbo ilé wa ní Ìsàlẹ̀ Èkó, kò sí ẹni tó mọ bó ṣe máa sọ ọ́ fún àlejò tí ojú ò ní í tì í. Ọmọ àbúrò bàbá mi kan wà ní Kánádà, iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ló ń ṣe. Òmíràn jẹ́ nọ́ọ̀sì ní Lọ́ńdọ̀nù. Ìyẹn yé èèyàn. Ṣùgbọ́n tí ẹnì kan bá bi ìyá mi pé kí ni èmi lọ kọ́, wọ́n á kọ́kọ́ tún gèlè wọn ṣe, wọ́n á ní, "Dókítà ni." Tí onítọ̀hún bá tún bèèrè pé dókítà kí ni, wọ́n á ní, "Dókítà ilẹ̀," wọ́n á sì yára gbé omi tútù fún un kó má baà bèèrè ìkẹta.

Ohun tí mo lọ kọ́ gan-an rèé. Ní etí òkun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, irà kan wà tí omi iyọ̀ máa ń gùn lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, tí á sì tún fà padà. Koríko kan ń hù nínú ẹrẹ̀ ibẹ̀. Iyọ̀ tó máa pa àgbàdo, tó máa pa ẹ̀gẹ́, kò pa á. Ṣùgbọ́n koríko yìí, tó bá wà létí odò tóóró tí omi ń gbà wọlé, á ga dé ìbàdí èèyàn. Tí o bá rin ogún ìṣísẹ̀ wọ àárín irà, kò ní í dé orúnkún. Koríko kan náà, ẹrẹ̀ kan náà, omi kan náà. Kí ló fà á? Nítorí ìbéèrè yẹn ni wọ́n ṣe fún mi ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́. Iṣẹ́ mi ni kí n máa gé koríko náà níbi tí mo fi okùn pààlà sí, kí n gbé e sínú ààrò títí á fi gbẹ, kí n sì wọ̀n ọ́n. Lẹ́yìn náà, kí n fa omi jáde láti inú ẹrẹ̀, kí n wo bí iyọ̀ inú rẹ̀ ṣe tó, bí oúnjẹ tí gbòǹgbò ń jẹ ṣe tó, àti bí afẹ́fẹ́ kan tó ń rùn bí ẹyin tó bàjẹ́ ṣe pọ̀ tó níbẹ̀.

Oṣù kẹwàá ni mo débẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ẹrẹ̀ fẹ́ gbé mi mì.

Obìnrin kan tó ń jẹ́ Mọ́rìn ló mú mi lọ. Wọn kì í ṣe olùkọ́, wọn ò sì lọ sí yunifásítì rí. Àwọn ló ń tọ́jú ọkọ̀ ojú omi àti irinṣẹ́ ilé ẹ̀kọ́ wa, àwọn ló sì ń mú akẹ́kọ̀ọ́ wọ inú irà. Wọ́n ti lé ní ọgọ́ta ọdún, irun wọn funfun bí òwú, wọ́n sì ní kí n máa pe àwọn ní Mọ́rìn. Ẹnu mi kọ̀ ọ́. Ẹni tó ju ìyá mi lọ! Mo pè wọ́n ní "Mà", wọ́n ní àwọn kì í ṣe ọbabìnrin. Mo wá ní, "Ó dáa, Àǹtí Mọ́rìn." Wọ́n dúró, wọ́n wò mí. Wọ́n ní kò sí ẹni tó pe àwọn ní àǹtí rí láyé, nítorí àwọn nìkan ni òbí àwọn bí. Láti ọjọ́ yẹn, bí èèyàn mẹ́ta bá pè wọ́n lẹ́ẹ̀kan náà, èmi ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ dá lóhùn.

Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, mo ti ń ṣe bí ẹni tó mọ irà. Ọmọ Èkó ni mí, kí ni omi fẹ́ fi hàn mí? Mo yà kúrò lójú ọ̀nà tí wọ́n ń tọ̀, mo fẹ́ gba àbùjá. Ẹsẹ̀ ọ̀tún wọlé dé orúnkún. Mo fi ti òsì tì í, òun náà wọlé. Bí mo ṣe ń jà ni mò ń lọ sílẹ̀, títí ẹrẹ̀ fi dé itan mi. Mo gbójú sókè, mo rí i pé omi inú odò tóóró náà ti yí padà. Ó ti ń bọ̀.

"Má jà," ni Àǹtí Mọ́rìn wí. Ohùn wọn tutù bí ohùn ẹni tó ń sọ fún èèyàn pé kó ti ilẹ̀kùn. "Fẹ̀yìn lélẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ sùn."

"Màá rì!"

"Ẹni tó bá dúró ló ń rì. Sùn."

Mo sùn. Ẹrẹ̀ tútù wọ inú etí mi. Àǹtí Mọ́rìn tẹ́ pákó kan sílẹ̀, wọ́n dojú bolẹ̀ lórí rẹ̀, wọ́n fàyà wọ́ títí wọ́n fi dé ọ̀dọ̀ mi. Wọ́n ki ọwọ́ bọ ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ mi, wọ́n ń mì ín jẹ́ẹ́jẹ́ kí omi lè ráyè wọ ibẹ̀, títí ẹsẹ̀ kan fi yọ, tí ìkejì náà sì yọ. Bàtà mi kò yọ. Ó wà níbẹ̀ dòní.

Nígbà tí a dé orí ilẹ̀ gbígbẹ, mò ń gbọ̀n, mò ń sunkún, imú mi ń ṣàn. Wọ́n bu tíì gbígbóná fún mi, wọ́n nu ẹrẹ̀ kúrò létí mi bí ẹni ń nu ọmọ, wọ́n ní, "Ní báyìí, o ti dé."

Oṣù kan kọjá kí n tó sọ ọ́ fún ìyá mi, mo sì ti yọ gbogbo ibi tó lè já wọn láyà kúrò. Mo kàn ní obìnrin kan wà tó ń kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń rìn nínú ẹrẹ̀, Mọ́rìn lorúkọ wọn.

"Mọrìn?" ni ìyá mi wí. "Ẹni tó mọ ìrìn?"

"Orúkọ òyìnbó ni, Màámi."

"Ìwọ lo mọ̀. Orúkọ a máa ro èèyàn. Bá mi kí wọn dáadáa."

Mi ò ní í purọ́, ìdánìkanwà fẹ́ pa mí lọ́dún yẹn. Nínú agbo ilé wa, o ò lè dá sunkún tán kí ẹnì kan má yọjú bi ọ́ pé kí ló dé. Nínú yàrá tí mo háyà yẹn, mo lè sunkún láti Jímọ́ọ̀ di Mọ́ńdè. Àwọn èèyàn ibẹ̀ kò burú; wọ́n á rẹ́rìn-ín sí mi, wọ́n á kọjá. Ọ̀sẹ̀ mìíràn wà tó jẹ́ pé, yàtọ̀ sí orí fóònù, Yorùbá kan ò jáde lẹ́nu mi. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kí koríko. Tí mo bá dé irà láàárọ̀, màá ní, "Ẹ káàárọ̀ o, ṣé dáadáa lẹ jí?" Atẹ́gùn á fẹ́, gbogbo wọn á tẹrí ba. Mo gbà á bẹ́ẹ̀.

Ní ọjọ́ kan nínú oṣù kẹrin, oòrùn yọ dáadáa fún ìgbà àkọ́kọ́, omi sì ti fà lọ. Ẹrẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rùn. Mo dá iṣẹ́ dúró. Òórùn ọ̀sà ni, òórùn tó máa ń wọlé bá wa láti apá Èbúté Èrò nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí ìyá mi máa ń sun tùràrí lé jáde. Mo dúró sójú kan, mò ń fà á símú. Ohun tí mo fi gbogbo ìgbà èwe mi sá fún nìyẹn, ó wá dé ilẹ̀ àjèjì ó ń ṣe mí bí ẹni tí wọ́n pè lórúkọ.

Lálẹ́ ọjọ́ náà mo sọ ọ́ fún ẹ̀gbọ́n bàbá mi, Alhaji, tí wọ́n jẹ́ olórí ẹbí wa. Wọn kò tíì gba tèmi rí.

"Ṣé òyìnbó ò ní ilẹ̀ gidi ni, tí wọ́n fi ń fi ẹrẹ̀ kọ́ ẹ?"

Mo ṣàlàyé. Mo ní irà ló máa ń gba ìjà òkun kó tó dé ọ̀dọ̀ èèyàn. Tí omi bá ru, koríko á dá agbára rẹ̀ dúró, ẹrẹ̀ á mu nínú rẹ̀. Níbi tí koríko ò bá ti hù dáadáa, omi á máa kó ilẹ̀ lọ.

"Nígbà tí mo wà ní kékeré," ni Alhaji wá wí, "a máa ń lọ mú akàn nínú irú ibẹ̀ yẹn, lápá Ìkòyí lọ́hùn-ún. Ewéko ibẹ̀ ga jù wá lọ. Wọ́n ti da yanrìn bò ó. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ló wà níbẹ̀ báyìí." Wọ́n bi mí pé, "Omi tó ń wọlé bá wa nígbà òjò yìí, ṣé ibẹ̀ ló yẹ kó máa lọ?"

Ohun tí mo ka ìwé rẹpẹtẹ kó tó yé mi ni Alhaji fi ìbéèrè kan ṣoṣo mú.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá. Ibẹ̀ gan-an ni."

"Kọ́ ọ dáadáa," ni wọ́n wí. Mo gbọ́ pé láti ìgbà náà, tí àlejò bá dé, Alhaji ló ń yára dáhùn pé, "Ọmọ wa ń kọ́ nípa omi tó ń da Èkó láàmú."

Iléyá dé, omi ò dúró de Iléyá. Ọjọ́ náà ni mo gbọ́dọ̀ fa omi ẹrẹ̀ ti oṣù yẹn, kò sì sí bí mi ò ṣe ní í lọ. Lẹ́yìn tí mo kírun nínú yàrá mi, mo wọ bùbá léèsì tí ìyá mi fi ránṣẹ́, mo gbé aṣọ rọ́bà iṣẹ́ wọ̀ lé e. Inú irà ni fóònù ti dún. Gbogbo agbo ilé ló wà lórí rẹ̀, wọ́n ń gba fóònù lọ́wọ́ ara wọn, àgbò ń ké lẹ́yìn. "Barka dé Sàlá! Ibo lo wà yẹn? Ṣé inú oko ni?" Mò ń rẹ́rìn-ín. Bí wọ́n ṣe pa fóònù, mo jókòó sórí pákó, ara mi kọ iṣẹ́.

Mo ti sọ fún Àǹtí Mọ́rìn láàárọ̀ pé ọdún wa ni; wọn ò bèèrè nǹkan kan. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n gbé abọ́ kan fún mi, ẹran àgùntàn yíyan ló wà nínú rẹ̀. Mo dúpẹ́, ṣùgbọ́n mi ò tíì fọwọ́ kàn án. Mò ń wá bí mo ṣe máa bèèrè tí kò ní í dà bí ìwọ̀sí. Àwọn ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Wọ́n ní àwọn wakọ̀ lọ sí ìlú kejì, àwọn rí ọkùnrin Mùsùlùmí kan tó ń ta ẹran. "Ó ní kí n sọ fún ọ pé òun dárúkọ Ọlọ́run sí i." Mo jẹ ẹran náà tán níwájú wọn, mo lá ìka.

Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni ọ̀ràn ńlá dé.

Láti oṣù kẹta ni mo ti ń fa omi ẹrẹ̀ sínú ìgò kéékèèké. Gbogbo àbájáde rẹ̀ ń tọ́ka sí ibì kan: iyọ̀ nìkan ló ń sọ koríko di aràrá. Ọ̀gá mi, ọ̀jọ̀gbọ́n tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ti ní ó dára. Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí n jókòó níwájú àwọn tó máa pinnu bóyá kí n máa bá ẹ̀kọ́ náà lọ tàbí kí n kẹ́rù mi padà sílé. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan nínú láàbù, mo ṣí ìgò kan tí mo ṣèèṣì kún dé ẹnu. Òórùn ẹyin bíbàjẹ́ fẹ́ gbé mi ṣubú. Mo ṣí èyí tó tẹ̀ lé e, tí mi ò kún dé ẹnu: kò rùn. Mo ṣí ogún. Kò sí ọ̀kan tó rùn.

Ó yé mi lójú ẹsẹ̀. Afẹ́fẹ́ lásán tó wà lókè omi nínú àwọn ìgò yẹn ti ba afẹ́fẹ́ olóòórùn tí mò ń wá jẹ́. Iṣẹ́ oṣù mẹ́rin ti di asán. Kò sì sí ẹlòmíràn tó mọ̀. Àbájáde náà dùn-ún wò lórí ìwé, ọ̀gá fẹ́ràn rẹ̀. Tí mo bá da ìgò kan ṣoṣo yẹn nù, ó tán.

Mo pe ìyá mi. Inú ṣọ́ọ̀bù ni wọ́n wà ní Ìdúmọ̀tà, ariwo ọjà ń wọlé. Mo sọ gbogbo rẹ̀ bó ṣe yé mi.

"Ta ló mọ̀?" ni wọ́n bèèrè.

"Èmi nìkan."

Oníbàárà kan ń bi wọ́n bóyá léèsì aláwọ̀ ewé ṣì wà. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró dè mí," ni wọ́n wí fún un. Wọ́n padà sọ́dọ̀ mi. "Tó bá jẹ́ ìwọ nìkan ló mọ̀, ìwọ nìkan ni wàá máa dá a gbé kiri nìyẹn. Ṣé o lè gbé e?"

Mo tún ìgò náà dé.

"Ilé wa ò sá lọ," ni wọ́n wí. "Tí wọ́n bá lé ẹ, wá. Kò sí ẹni tó máa fi ẹ́ ṣe yẹ̀yẹ́ lójú mi." Wọ́n lọ dá oníbàárà lóhùn.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo wọ ọ́fíìsì ọ̀gá, mo jẹ́wọ́. Wọ́n yọ awò ojú wọn. Wọ́n ní, "O mọ̀ pé mi ò bá má mọ̀ láéláé?"

"Mo mọ̀, sà."

Wọ́n ní àwọn máa bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n sún ọjọ́ mi sí oṣù kẹwàá, ṣùgbọ́n kò ní í kọjá bẹ́ẹ̀. Oṣù mẹ́ta péré ni mo ní láti tún iṣẹ́ oṣù mẹ́rin ṣe, ẹnì kan ò sì lè dá wọ irà; òfin ni. Bẹ́ẹ̀ Àǹtí Mọ́rìn ń fẹ̀yìn tì ní ọjọ́ Jímọ́ọ̀ yẹn gan-an. Wọ́n ti ra kéèkì. A jẹ kéèkì náà, a pàtẹ́wọ́ fún wọn, wọ́n kó ife tíì wọn sínú àpò, wọ́n lọ.

Ní Mọ́ńdè, mo lọ sí etí irà ní ìdájí láti lọ wò ó bóyá màá rí akẹ́kọ̀ọ́ kan bẹ̀. Àǹtí Mọ́rìn wà níbẹ̀. Wọ́n ti wọ aṣọ rọ́bà, pákó wà léjìká wọn.

"Àǹtí, ẹ ti fẹ̀yìn tì!"

"Mo ti fẹ̀yìn tì," ni wọ́n wí. "Ẹrẹ̀ ò tíì gbọ́."

Oṣù mẹ́ta la fi jọ lọ. Ẹnì kan ò bẹ̀ wọ́n. Wọ́n kọ́ mi láti máa ri ìgò sábẹ́ omi, kí n dé e níbẹ̀ kó tó rí afẹ́fẹ́. Tí ẹ̀yìn bá ń dùn wọ́n, wọn kì í sọ; wọ́n á kàn ní kí a dúró wo ẹyẹ. Mo mọ̀ pé kì í ṣe ẹyẹ. Mo bá wọn wò ó.

Ohun tí a rí sì yàtọ̀ sí ti tẹ́lẹ̀. Létí odò, omi máa ń fà jáde kúrò nínú ẹrẹ̀ lójoojúmọ́, gbòǹgbò sì ń rí èémí. Láàárín irà, omi ń dúró. Afẹ́fẹ́ olóòórùn yẹn ń gbárajọ síbẹ̀, ó ń fún gbòǹgbò lọ́rùn, débi pé oúnjẹ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí kò lè jẹ ẹ́. Koríko ò ṣọ̀lẹ. Èémí ni kò rí mí.

Mo ronú sí ìyẹn gan-an. Ọ̀pọ̀ ìgbà lọ́dún yẹn ni mo ti bá ara mi wí pé mi ò gbìyànjú tó, mi ò gbọ́n tó, ilẹ̀ yìí ò gbà mí. Bẹ́ẹ̀ ẹni tó máa bá èèyàn wá ọ̀nà èémí ló ṣọ̀wọ́n.

Ní oṣù kẹwàá, mo jókòó níwájú àwọn mẹ́ta. Mo kọ́kọ́ sọ ohun tí mo bà jẹ́ kí n tó sọ ohun tí mo rí. Ọ̀kan nínú wọn bi mí pé, "Tí ti àkọ́kọ́ bá jẹ́ àṣìṣe, kí ló dé tí a fi máa gba ìkejì gbọ́?" Mo gbé ìgò ti àkọ́kọ́ kan kalẹ̀, mo ṣí i, mo ní kí wọ́n gbóòórùn rẹ̀. Kò rùn. Mo ṣí ti ìkejì. Gbogbo wọn bomú, ọ̀kan sáré lọ ṣí fèrèsé, ọ̀gá mi rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ lójú mi. Mo yege.

Ìyá mi ní àwọn fẹ́ rí obìnrin náà lójú kojú. Ní ọ̀sán Sátidé, mo gbé fóònù lọ sí ilé ìdáná Àǹtí Mọ́rìn, mo pe ìyá mi lórí fídíò. Wọ́n wà ní ṣọ́ọ̀bù, àwọn obìnrin ẹlẹ́gbẹ́ wọn ti pé lé wọn lórí.

"Kọjú ẹ̀ sí wọn," ni ìyá mi wí.

Mo kọjú rẹ̀ sí wọn. Ìyá mi gbé léèsì tó wà lẹ́sẹ̀ wọn sápá kan, wọ́n fi eékún méjèèjì kúnlẹ̀ láàárín ọ̀nà, ní Ìdúmọ̀tà, lójú gbogbo ọjà.

"Kí ló dé?" ni Àǹtí Mọ́rìn bèèrè. "Ṣé nǹkan wọn bọ́ sílẹ̀ ni?"

"Rárá, Àǹtí. Ẹ̀yin ni wọ́n ń kúnlẹ̀ kí. Wọ́n ní ẹ ṣeun tí ẹ bá àwọn ṣe ìyá."

Ojú Àǹtí Mọ́rìn pọ́n. Wọ́n di etí tábìlì mú, wọ́n tẹ eékún kan balẹ̀, wọ́n mí, wọ́n tẹ ìkejì balẹ̀ lórí ilẹ̀ ilé ìdáná náà, wọ́n kọjú sí fóònù.

"Háà! Rárá o!" Ìyá mi figbe ta. "Àgbà kì í kúnlẹ̀ fún àbúrò! Sọ fún wọn kí wọ́n dìde!"

"Kí ni wọ́n wí?"

"Wọ́n ní kí ẹ dìde."

"Sọ fún wọn kí wọ́n kọ́kọ́ dìde."

Mo sọ ọ́. "Mi ò dìde," ni ìyá mi wí. Àwọn obìnrin ọjà ń pàtẹ́wọ́, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, ọ̀kan ti ń nujú. Mo dúró láàárín ilé ìdáná náà, fóònù wà lọ́wọ́ mi, ìyá méjì wà lórí ìkúnlẹ̀ nítorí mi, kò sí èyí tó máa kọ́kọ́ dìde nínú wọn, n kò sì mọ ẹni tí mo máa bẹ̀.